Tábìlì Tahir Di Tábìlì Kítáàbù Bàbá

Ilé Ààfáà Abdulmumini,
Ṣàngó, Ìlọrin.
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, ọdún 2025.

Tahir, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékù. Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ọyẹ́ Kàdúná ò tíì gbé ọ mì? Àwa níhìn-ín ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara Ìyá le, ẹnu wọn náà sì le bíi tàtijọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá, torí náà fara balẹ̀ kà á.

O rántí tábìlì tí ojú rẹ̀ jẹ́ kọ̀ǹpútà, èyí tí o rà sí ilé oúnjẹ rẹ ní Basin kí àwọn oníbàárà lè máa fi ìka tẹ oúnjẹ tó wù wọ́n. Nígbà tí o ti ibẹ̀ pa, pálọ̀ wa lo gbé e sí. Ìyá da aṣọ bò ó, wọ́n sì ń to àwo lé e lórí. Bí èèyàn bá tàn án, ó lè jẹun tán kó tún fọ abọ́ kí tábìlì ọ̀hún tó jí.

Ohun tó ń bà wá lọ́kàn jẹ́ ni ojú Bàbá. Dókítà ní oògùn lè dá ìyókù dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Kùránì wà lórí Bàbá, àmọ́ kítáàbù hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí wọ́n ń kà fún àwọn ìyá àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé kò sí lórí wọn, wọn ò sì rí i kà mọ́. Wọ́n ní kí àwọn ìyá wá ààfáà mìíràn. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tahir, mo sunkún.

Ni mo bá pe Binta tí a jọ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Táíwò Road wá sílé. A tú tábìlì, a gbọn eruku àti èèpo ẹ̀pà kúrò nínú rẹ̀ (ìwọ nìkan lo lè sọ bó ṣe débẹ̀), a fi mẹ́mọ́rì kún un, a sì fi dísíìkì tuntun tó yára rọ́pò ti àtijọ́. A yọ Windows tó ń darí rẹ̀ kúrò, a fi Linux rọ́pò rẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ni ẹ̀rọ tó ti dàgbà lára. Mo ya àwòrán kítáàbù Bàbá lójú ewé kọ̀ọ̀kan, mo sì kó wọn sínú tábìlì. Bí èèyàn bá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú tábìlì, lẹ́tà kan á tóbi tó ẹyin adìẹ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú tì mí. Bàbá ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó jókòó, o sì mọ̀ pé wọn kì í nu omi àlùwàlá nù. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ kan tábìlì, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fúnra rẹ̀, ó ń fẹ̀, ó ń súnkì, ó sì pa dé. Ìyá ní àlùjànnú ni. Bàbá dìde jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀rọ yìí ò gbà mí. Da aṣọ rẹ̀ padà bò ó."

Èmi àti Binta tún un tú, a ò rí ohun tó bàjẹ́. Ìgbà tí mo bẹ Bàbá kí wọ́n tún dán an wò ni mo rí omi tó ń kán láti ìgúnpá wọn sójú tábìlì. Ìka ni tábìlì ń pe ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo gbé táwẹ̀lì wá, Bàbá kọ̀, wọ́n ní omi àlùwàlá á gbẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n fa tẹ̀sùbáà yọ, wọ́n ń kà á títí ọwọ́ wọn fi gbẹ. Wọ́n wá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ewé kan péré ló ṣí.

Lánàá, àwọn ìyá padà dé. Gbogbo wọn ń ka tẹ̀sùbáà pẹ̀lú Bàbá kí ọwọ́ wọn lè gbẹ, wọ́n wá yí tábìlì ká. Bàbá ka ìlà àkọ́kọ́, ohùn wọn ò gbọ̀n rárá. Ìyá jáde láti ilé ìdáná, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń tẹ́tí sí Bàbá. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Bàbá ní kí gbogbo wọn ṣe àdúà fún ọ, torí pé ohun tí o rà ò ṣòfò.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó sì mú ọ padà wá bá wa láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ràúdátù.

Àfikún: Má pe Bàbá lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Wọn ò ní gbé fóònù. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́.