Aago Tó Mú Ẹ̀rọ Ké

Ilé Kẹtàlá, Ẹ̀bá Ojú Irin,
Dùgbẹ̀, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Kẹwàá, 1957.

Bàbá Rẹ̀mí, ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù orí òkè, ẹ kú àtijọ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ibà yẹn ti fi yín sílẹ̀? Àwa ń bẹ láàyè níhìn-ín, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Eyín iwájú Rẹ̀mí méjì ti ká. Nígbàkígbà tí rélùwéè bá fọn fèrè, á sáré jáde lọ wò bóyá ẹ̀yin ni. Èmi náà máa ń wò, ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé ni, kí ọmọ má baà rí mi.

Ọmọ́níyì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ gbé oyin tí ẹ fi rán an wá ní Sátidé. Ó ní oṣù keje rèé tí ẹ ti ń fi ẹsẹ̀ rin àwọn òkè ẹ̀yìn Yólà, níbi tí mọ́tò kò dé, tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ kiri kó lè ké bó bá gbóòórùn òkúta yuréníọ̀mù, tí ẹ kò sì tíì rí nǹkan kan. Ó wá tú àṣírí yín! Ó ní ẹ̀rọ ké lọ́jọ́ kan, ẹ jó, ẹ yọ̀, ẹ gbẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Àṣé aago ọwọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lẹ́yìn Àjíǹde, èyí tí ojú rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn, ni ẹ̀rọ ń ké sí, nítorí ọjọ́ náà ni ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́! Ó ní ohun tí wọ́n fi kun ojú aago àti òkúta yẹn bára tan. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní ọ̀gá òyìnbó yín ti ní kí ẹ ti aago náà mọ́ inú àpótí, omi ojú náà kò dá mọ́. Mo ti rò pé ẹ̀ ń wò ó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ìyá yín ti dé láti Oǹdó láti dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ní kò ní ju oṣù kan lọ. Lánàá, bí Ìyá ti ń to aṣọ ọmọ, wọ́n kàn sọ pé, "Orúkọ tirẹ̀ kò le. Bàbá ò sí nílé. Abídèmí náà ni." Ẹ mọ̀ pé èmi náà ni Abídèmí. Bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin ní Mìnà nígbà tí wọ́n bí mi. Mo ti ń sáré kiri kí wọ́n tó dé, mo sì sá fún wọn, mo ní àlejò ni. Títí wọ́n fi kú, a kò mọwọ́ ara wa. Mo fẹ́ràn orúkọ mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọmọ mi jẹ́ ẹ.

Ọkọ mi, òkúta ti wà níbẹ̀ kí a tó dáyé, kò ní sá lọ. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kí ẹ máa bọ̀. Àárò yín ń sọ mí. Mo ń sọ ọ́ láìtijú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyá jókòó tì mí.

Ọmọ́níyì ń padà lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ìyá àti Rẹ̀mí kí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ wà lórí òkè. Bí wọn kò bá fún yín láyè, ẹ yọ aago yẹn nínú àpótí, kí ẹ tún gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn. Bó bá ti ké, èmi ni mò ń pè yín.

Aya yín tí ń wo ojú irin,
Abídèmí.