Ìwé Olùdarí Eré Wọ Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà

                                        Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
                                        Òdìkejì Ilé Ìwòsàn,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ẹlẹ́rìn-ín,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tí eyín ń dùn? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Ní tèmi, ara mi le, ẹnu mi ò sì gba ẹ̀rín tó wà nínú rẹ̀. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Mo ra ìwé! Má ṣubú. Èmi náà ni, èmi tí o máa ń sọ pé mò ń ka hóró iyọ̀ kí n tó sọ ọ́ sọ́bẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé olùdarí eré orí ìtàgé àti fíìmù kan ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́. Ẹ̀yìn ìwé náà ti ya, ni òǹtàwé bá dín owó rẹ̀ kù. Mo pín iye tó kù sí ojú ìwé ọ̀ọ́dúnrún, mo rí i pé ojú ìwé kan ò tó owó ìṣó kan. Ìṣó wo ló pa mí lẹ́rìn-ín rí?

Ọ̀rẹ́ mi, ìwé yìí dùn! Mo rò pé ẹni ńlá á kàn máa ka oyè rẹ̀ sí wa létí ni. Rárá o. Àṣìṣe rẹ̀ ló ń sọ. Ó ní lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ ṣe eré, ìyá òun nìkan ló wá wò ó, ìyá náà sì sùn lọ. Ó ní nígbà tí owó tán lọ́wọ́ òun nídìí fíìmù àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo làwọn lò fún ilé méje, ọ̀dà rẹ̀ làwọn ń pààrọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọ ìyá mi ni ọkùnrin yìí.

O rántí ìjà ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀, Afínjú, ẹni tó ń lọ aṣọ iṣẹ́ káfíńtà kó tó wọ̀ ọ́. Ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà, ṣùgbọ́n tiwọn ti le jù. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tí wọ́n kàn fún oníbàárà kan ni kò gba ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọkọ mi ní Afínjú ló ṣì í wọ̀n, Afínjú ní nọ́ḿbà tí ẹ̀gbọ́n òun pè lòun wọ̀n. Oníbàárà dá a padà, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sáàárín ṣọ́ọ̀bù bí ògiri, kálukú ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Èmi wá di ògbufọ̀. "Sọ fún ọkùnrin yẹn kó fún mi ní ayùn." "Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé mo ṣì ń lò ó." Ayùn tó jẹ́ pé tó bá nawọ́ lásán, yóò kàn án! Èyí tó wá ń já mi láyà ni pé Afínjú ti rí ṣọ́ọ̀bù míì. Ìparí oṣù yìí ló fẹ́ kó lọ.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán ni mo máa ń ka ìwé yìí sókè fún ọkọ mi. Kò pẹ́ tí mo fi ṣàkíyèsí pé ayùn Afínjú máa ń dákẹ́ lódìkejì kọ́bọ́ọ̀dù bí mo bá ti lanu. Lọ́jọ́ kan, mo fo ojú ìwé kan nítorí oníbàárà ń bọ̀. Àwọn méjèèjì ké lẹ́ẹ̀kan náà: "A ò tíì ka ibẹ̀!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Lánàá ni mo wá dé ibi tó ti kọ ọ́ pé bí òṣèré méjì bá ń jà, òun a ní kí wọ́n pààrọ̀ ipa, kí kálukú ṣe bí ẹnìkejì rẹ̀. Ni ọkọ mi bá ní èyí ò le, ẹnì kan wà tí òun lè ṣe. Ó fi lẹ́ẹ̀dì há etí, ó gbọn eruku tí kò sí lára ṣòkòtò rẹ̀, ó wá ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Afínjú yọjú lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní ó parí! Àfi bó ṣe na ikùn síta, tó di ìbàdí mú, tó sì figbe ta: "Ta ló gbé tépù mi? Èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́ o! Nígbà tí mò ń kan bẹ́ẹ̀dì, o ò tíì lè kan àpótí ìjókòó!" Ohùn ọkọ mi gan-an ni! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sínú gọ́ọ̀mù. Síkẹ́ẹ̀tì mi bá a lọ. Mi ò tíì ṣírò rẹ̀.

Ọkọ mi fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ Afínjú dá a lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí rí pé kí ni mo rò." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó yọ lẹ́ẹ̀dì kúrò létí. Afínjú dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìbàdí. Ó wá fi ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́ pé: "Ìbàdí ń dùn mí, àbúrò mi. Bí o bá lọ, ta ni yóò bá mi gbé pákó?"

Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ mi fi ìrora yẹn pamọ́ fún èmi tí mo bá a délé, àbúrò rẹ̀ ló rí i!

Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi lu kọ́bọ́ọ̀dù náà pẹ́pẹ́. Ó ní, lóhùn ara rẹ̀ wàyí: "Kí ni ká ṣe sí eléyìí? Kí lo rò?"

Afínjú ò lọ mọ́. Ohun tó rò ni pé kí wọ́n tì í mọ́ ògiri, kí wọ́n kan pẹpẹ sínú rẹ̀ fún ìwé mi. Ní báyìí, ìwé kan ṣoṣo ló dá dúró nínú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn, bí eyín kan lẹ́nu arúgbó. Bí o bá ní èyí tí o ti kà tán, fi ránṣẹ́. Tèmi ò ṣe é yá o, ṣùgbọ́n wá kà á níbí. Àga ò wọ́n wa.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Sọ fún Màmá pé mo kúnlẹ̀.

Tìrẹ láìsí ẹ̀dínwó,
Akahóró-iyọ̀