Alàgbà Jacob àti Ọkọ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Dákẹ́

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Ojú Omi, Èbúté Adankolo, Lọ́kọ́ja
Sí Màmá Salome Ayégbùsì, àwọn ọmọ àti gbogbo ẹbí

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ẹbí wa. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí sókè, kó rọra kà á. Ẹni tó ń gbọ́, kó gbé fóònù sílẹ̀. Pẹ̀lú ọkàn tó bàjẹ́ àti àyà tó ń já ni a fi ń kí yín kú ìrọ́jú Alàgbà Jacob. Okun o, Màmá. Okun o, ẹ̀yin ọmọ. Ìdí tí àyà wa fi ń já, a ó dé ibẹ̀.

Alàgbà kì í ṣe awakọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ni wọ́n gbé dé èbúté. Ẹ̀yin, Màmá, ọmọ apẹja, lẹ kọ́ wọn ní ọkọ̀ wíwà, wọn ò sì fi bò rí. "Obìnrin ló gbé mi lé orí omi," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹ̀yin tí bàbá yín kọ́, kí lẹ mọ̀?"

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún wa kò ṣeé gbàgbé. Wọ́n ti wo nínú fóònù bí wọ́n ṣe ń ṣe pùròpẹ́là ọkọ̀ abẹ́ omi, ọkọ̀ ogun tó ń rìn nísàlẹ̀ òkun tí ọ̀tá ò gbọdọ̀ gbọ́. Pùròpẹ́là ni abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní: "Ẹ rò pé ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń pariwo. Tí abẹ̀bẹ̀ yín bá kéré, tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, omi ẹ̀yìn rẹ̀ á hó bí omi orí iná. Ìhó yẹn á máa bẹ́. Bíbẹ́ rẹ̀ lariwo, òun náà ló ń jẹ irin yín bí ikán." Wọ́n ní ti ọkọ̀ abẹ́ omi tóbi, ewé rẹ̀ pọ̀, etí ewé náà tẹ̀ sẹ́yìn bí dòjé, kí omi lè yọ́ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dípò kó gbá a lójú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á dán an títí omi ò fi ní rí ibi dì í mú, wọ́n á wá jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́.

Alhaji Àlí, alága wa, bi wọ́n bóyá Ìdàh la fẹ́ lọ jagun. Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alàgbà rọ irú rẹ̀ sí ọkọ̀ Àlí, epo ò tètè tán mọ́, ọmọ ọwọ́ sì ń sùn dé òdìkejì. Àlí kan náà ló kọ́kọ́ padà wá béèrè èkejì.

Ọkọ̀ tiwọn nìkan ni wọn ò pààrọ̀ tiẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ̀, Màmá. Ẹ ní: "Bàbá Ọláolúwa, tí ẹ bá mú ariwo yẹn kúrò, kí ni màá fi mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ kí n tó gbé iṣu kaná?" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ èbúté ṣe dákẹ́, tí ọkọ̀ ẹni tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ń pariwo dé ẹsẹ̀ òkè Patti.

Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti wọlé. Láti ìgbà tí a ti sin Alàgbà, ọkọ̀ yẹn wà lẹ́yìn ilé yín, tapólì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kírun mọ̀gàríbà tán, a máa gbọ́ ọ lójú omi: kò-kò-kò, lẹ́yìn náà, gààà. Á lọ sí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, á sì padà. Àlí, tó ní ìyàwó òun nìkan lòun ń bẹ̀rù, lọ wò ó láàárọ̀. Tapólì wà létòlétò. Okùn ọkọ̀ ṣì tutù fún omi. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ sá padà.

Màrdíyà, akápò wa, ní ẹni tó bá ní òkú kì í wa ọkọ̀, kó wá bá òun sọdá nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó dìde. Ní báyìí, kí oòrùn tó wọ̀ la ti ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Èrò ń sun etídò pẹ̀lú ẹrù wọn, àwọn awakọ̀ ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo. A ò sì lè bi yín. Ta ló fẹ́ wọlé tọ opó tí kò tíì gbọdọ̀ yọjú síta, kó bi í níbi tí ọkọ rẹ̀ wà lánàá?

Nítorí náà la ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá ní Sátidé, kí a yọ pùròpẹ́là aláriwo yẹn, kí a jù ú sí ibi tí omi ti jìn, kí a sì fi èyí tí Alàgbà rọ kẹ́yìn sí i, kí wọ́n lè sinmi, kí àwa náà sinmi. A ṣèlérí pé Ọláolúwa ò ní fi ilé ìwé sílẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú yín ò sì ní dá nìkan dúró ní èbúté yìí.

Kí Ọlọ́run tó mú odò méjì pàdé láìjà tù yín nínú, kó jókòó tì yín nígbà tí ilé bá dákẹ́.

Sùrájù, akọ̀wé ẹgbẹ́, ní ọ́fíìsì èbúté, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Màmá, mo fẹ́ di ìwé yìí pa nígbà tó tún dún, mo tan tọ́ọ̀ṣì sójú omi: ẹ̀yin lẹ jókòó nídìí ẹ́ńjìnnì.