Kọ́bọ̀ Oníhò Inú Kẹ̀kẹ́ Làtífù

Ìsọ̀ Atúnkẹ̀kẹ́ṣe,
Òkòkómáikò, Ọ̀jọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹrin, 1994.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Làtífù Àkànbí,

Bí ìwé yìí bá bá ọ nídìí àlùwàlá, parí rẹ̀ kí o tó ṣí i. Bó bá bá ọ nídìí oúnjẹ, jẹun yó ná. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ, mo sì kí ìlú Ìṣẹ́yìn tó gbà ọ́ mọ́ra. Ṣé ejìká òsì náà ti le? Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló yẹ kó béèrè, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́sàn-án tí ìbéèrè náà ti há mi lọ́fun. Ní tiwa, àlàáfíà la wà. Morẹ́nikẹ́ ìyàwó mi kí ọ púpọ̀. Òun ló fún mi ní bébà yìí. Ó ní bí mi ò bá kọ ọ́ lónìí, òun yóò kọ ọ́ fúnra òun, òun kò sì ní pọ́n mi lé nínú rẹ̀.

Ìròyìn tí mo ní kò gùn: mo ti rí kẹ̀kẹ́ rẹ. Kì í ṣe èyí tí o gùn tí o fi ṣubú. Tìrẹ gan-an ni mo ń wí.

Ní oṣù Kejì ni mo lọ sí Ìbà fún àdúrà ogójì ọjọ́ Sùnmọ́nù. O rántí Sùnmọ́nù, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń ru koríko lọ fún àwọn alágbò ní Alaba Rago, tí kì í bínú bó ti wù kí n pẹ́ tó lórí iṣẹ́ rẹ̀. Bí mo ti fẹ́ wọ àgbàlá wọn ni mo rí kẹ̀kẹ́ kan tó fara ti ògiri. Ó ti ru koríko títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Okùn ni wọ́n fi so ìjókòó rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ bí ìwo àgbò, wọ́n ti yí i sókè bí ẹni tó ń ṣàdúrà. Mo dojú bolẹ̀, mo ń wo abẹ́ rẹ̀. Àdìjá, aya olóògbé, bá mi níbẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, irin tí ewúrẹ́ fi ń họ ara lẹ wá ń dọ̀bálẹ̀ fún bí àna yìí?” Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fi kọ́kọ́rọ́ ha á wò. Ọ̀dà àwọ̀ ewé tí èmi fúnra mi kùn ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ aró ló yọjú sí mi. Àkànbí, pupa ni kẹ̀kẹ́ Sùnmọ́nù kí n tó kùn ún. Aró ni tìrẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀dà nìkan kò tó. Ẹ̀rí kan ló wà tí ìwọ àti èmi mọ̀. Lọ́dún 1974, nígbà tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ ń mì, tí mi ò rí wọ́ṣà, òrùka irin pẹlẹbẹ, tó bá ọrùn rẹ̀ mu ní gbogbo Èkó, ìyá rẹ, Àrínọlá, tú etí ìró rẹ̀, ó mú kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó jáde. Ó ní, “Èyí ò ra nǹkan kan mọ́ lọ́jà. Ẹ jẹ́ kó ra ìfọ̀kànbalẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ mi.” Ọjọ́ méjì ni mo fi fáìlì fẹ ihò rẹ̀ kó tó wọ̀. Láti ọjọ́ náà ni o ti ń gùn ún láti Ọ̀jọ́ dé Àgbádárìgì bí ọba lórí ìtẹ́, tí àwọn ọmọ ogun orí omi ní Navy Town máa ń yà sẹ́bàá títì láti pàtẹ́wọ́ fún ọ.

Jẹ́ kí n wá sọ ti ọdún 1985 láìfi igbá bò ó. Ìwọ àti Sùnmọ́nù gbé kẹ̀kẹ́ wá fún kíkùn lọ́sẹ̀ kan náà. Tòkunbọ̀ tó rà ní Àlàbá ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é àti tìrẹ, wọn kò sì fi nǹkan kan ju ara wọn lọ. Mo tú táyà àti ìjókòó wọn, mo fi ọ̀dà kan ṣoṣo tó kù kun méjèèjì, mo gbé wọn kọ́ sábẹ́ igi fúrúùtù kí wọ́n gbẹ. Mi ò so àmì mọ́ ìkankan. Mo ní, ta ló ń so àmì mọ́ ọmọ tó bí? Nígbà tí mo tò wọ́n padà tán, ti Sùnmọ́nù ni mo gbé fún ọ, tìrẹ ni mo gbé fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Òmìnira ọdún náà, nígbà tí eré ìje kẹ̀kẹ́ fẹ́ gbéra, o gùn ún yíká lẹ́ẹ̀kan, o padà wá bá mi. O rọra wí pé, “Bánkọ́lé, kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe tèmi. Ọwọ́ rẹ̀ ń mì. Jọ̀ọ́, tú ọrùn rẹ̀, ká wò ó bóyá kọ́bọ̀ ìyá mi wà níbẹ̀.” Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Kẹ̀kẹ́ ò ṣe nǹkan kan, ẹsẹ̀ rẹ ló ń darúgbó. Bẹ́rù bá ń bà ọ́, lọ bá Sùnmọ́nù ru koríko!” Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ìwọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. O gùn ún nítorí pé o gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ mi. Kí o tó kọjá Ìyànà-Ìbà, kẹ̀kẹ́ yí mọ́ ọ lọ́wọ́, o sì fi ejìká lélẹ̀.

O gbé e padà síwájú ìsọ̀ mi, o sì lọ sí Ìṣẹ́yìn. Mo gbé e kọ́ ìṣó. Láti ìgbà náà, mi ò tú u. Mo máa ń sọ fún Morẹ́nikẹ́ pé àyè ni kò sí. Irọ́ ni. Ohun tí n óò bá nínú rẹ̀ ni mò ń sá fún.

Nígbà tí Àdìjá jẹ́ kí n gbé tìrẹ wálé, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi da kẹrosíìnì sí ọrùn rẹ̀ kí ìpẹtà tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó yọ. Mo nu gírísì àtijọ́ kúrò, kọ́bọ̀ náà sì wà níbẹ̀ bí mo ti fi í sí. Mo wá gbé èyí tó wà lórí ìṣó sọ̀kalẹ̀, mo tú òun náà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ìsọ̀, mo sunkún. Morẹ́nikẹ́ dé, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó kàn ní, “Bébà wà nílé.”

Mo ti fi sáńpépà ha kẹ̀kẹ́ rẹ dé irin, mo sì ti kùn ún ní àwọ̀ aró. Awọ àgbò láti Alaba Rago ni mo fi bo ìjókòó. Ọmọ Ìgbò tó wá táyà fún mi ní Ọjà Àlàbá wò ó títí, ó ní, “Bàbá, kẹ̀kẹ́ yìí séníọ̀ mi o!” Ti Sùnmọ́nù náà, mo tún un ṣe, mo kùn ún ní pupa, mo dá a padà fún Àdìjá. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀ẹ́n! Ọkọ mi wí i! Ó ní láti ọjọ́ tí ẹ ti kun kẹ̀kẹ́ òun ló ti ń sáré ju ẹni tó ru koríko lọ.”

Àkànbí, mo jẹ̀bi. Ìwọ ni akọni tó mọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ìyá ti ń mọ ẹkún ọmọ tirẹ̀ láàárín ogún ọmọ, èmi ni mo sọ ọ́ di ẹlẹ́yà. Níwájú èrò ni mo ti bú ọ; nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé, mo pe àwọn tó kù nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà jọ síwájú ìsọ̀ mi, mo sọ òtítọ́ fún wọn. Gàníyù tó ń lẹ táyà ló fọhùn. Ó ní, “Bàbá, ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí.”

Mi ò ní kí o gbàgbé. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí o wá. Iléyá ku oṣù kan. Bí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó tó dé, kó jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba mú ejìká tó fara pa nítorí mi pẹ́ láyé, kó fi gbé ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Kí àṣeyọrí má ṣe jìnnà sí ilé rẹ. Kí ọ̀nà Èkó tẹ́jú fún ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tí kò sì dẹ́kun láti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ,
Bánkọ́lé Ògúnbíyìí.

Àfikún: Má ṣe ju àpò ìwé yìí nù. Kọ́bọ̀ ìyá rẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo fi òwú rán an mọ́ bébà. Gbogbo kẹ̀kẹ́ náà ti pé, àfi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń mì. Mi ò ní fi wọ́ṣà mìíràn sí i. Mú kọ́bọ̀ náà bọ̀.