Ìwọ àti Ta Ni?

                                        Ilé Àwọn Àgbà,
                                        Ọ̀run Àrèmábọ̀,
                                        Ọjọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣú.

Ọmọ ìlú wa ọ̀wọ́n,

A kí ọ láti òkè. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ tuntun tó gbé bàbá rẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ṣé ó ń gbè é? Àbúrò rẹ tó máa ń tọ̀ sórí ẹní, ṣé ẹní ti ń gbẹ báyìí?

Má bẹ̀rù. Àwa ni Baba Àgbájọwọ́, àwa tí wọ́n ya àwòrán wa sára ògiri iléèwé yín, tí a kọ́ àwọn bàbá yín pé ìlú kì í ṣe ti ẹnì kan. O mọ̀ pé a ò sọ "mo" rí títí a fi kú. "A" lọ̀rọ̀ ẹnu wa.

Ẹjọ́ la mú wá. Ọ̀rẹ́ rẹ, ọmọ aránṣọ tí ilé wọn kọjú sí ilé tí ẹ kó kúrò, ti sọ ohùn wa di ohun ìṣeré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó sín wa jẹ: "Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ dìde!" Ọkùnrin tí wọ́n ń fá lórí lọ́wọ́ fò dìde, apá kan dán, apá kejì rí wúruwùru. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara wọn. Onígbàjámọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọ́ Baba rí. 'Ẹ jẹ́ ká dìde' ló máa ń sọ, òun ló sì máa kọ́kọ́ dìde. Àwọn tó ń forúkọ ẹ̀ jẹun báyìí ló ń sọ pé 'ẹ dìde', tí wọ́n á wá jókòó. Fìlà ẹ̀ ni wọ́n jogún, wọn ò jogún ẹnu ẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, ọmọ náà wo eré ọkọ̀ ojú sánmà tí ẹ jọ máa ń wò lórí tẹlifíṣàn. Ọ̀gá ọkọ̀ ti kú, wọ́n wá ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti sọ, abẹ gé e. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ṣe fa wáyà rẹ̀ já. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ ní ọmọbìnrin náà gbọ́n, pé òkú kì í pàṣẹ fún alààyè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní aláìmoore ni. Ọ̀rẹ́ rẹ, tó máa ń sín gbogbo wọn jẹ títí ìyá rẹ̀ á fi ju sálúbàtà lù ú, tẹjú mọ́ wáyà tó já náà. Ó ń rò ó pé bí òun bá ní irú ẹ̀rọ yẹn, tó ń fi ohùn ẹnì kan sọ̀rọ̀, òun ò ní fa wáyà náà já, kódà bó jẹ́ èébú ló ń bú òun.

Torí ó lè ṣe ohùn ọ̀gá iléèwé, ó lè ṣe ti ewúrẹ́ tó rọbí. Àmọ́ ẹ̀rín rẹ, tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kò jáde mọ́.

Lánàá, ó gbé bọ́ọ̀lù, ó ní, "Màámi, a ń lọ o." Ìyá rẹ̀ gbójú sókè lórí máṣíìnì. "Ìwọ àti ta ni?"

Mo gbé bọ́ọ̀lù padà sínú ilé.

Hẹn, ẹnu mi ti já mi. Baba ti padà sọ́run.

Ṣé wàá wá lásìkò ìsinmi? Bí wọn ò bá ní gbà fún ẹ, gba ohùn ẹ sórí fóònù ìyá ẹ, kó o fi ránṣẹ́. Rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀. Kí gbogbo ilé. Sọ fún àbúrò ẹ pé eré ni mo fi ọ̀rọ̀ ẹní ṣe.

A ń retí ẹ. Àwa wo? Èmi nìkan ni.

                                        Tìẹ ni mo ṣì jẹ́,
                                        Ayékòótọ́,
                                        ọmọ aránṣọ.