Ẹ Má Nawọ́ Sókè fún Mi

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́ tó ń la ètè yìí, ẹ sì kú àtọjọ́ tí ẹ ti ń retí mi tí ẹ ò rí mi. Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà níhìn-ín ní Ọ̀yọ́ bí mo ti ń kí yín. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, àti gbogbo ìyá ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kí Dọ́kásì, àbúrò mi tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Dọ́kásì, mo mọ̀ ọ́ dáadáa. Bí o bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò, o máa ń fò ó, wàá wá sọ pé mo ní kí o kí Ìyá ni. Lọ́tẹ̀ yìí, má fo ìlà kankan. Kọ́kọ́ bu omi fún Ìyá mu.

Ìyá, mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, pé gbogbo ọmọ ìjọ yóò nawọ́ sókè láti fọwọ́ sí i pé kí n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀. Ẹ ní nígbà tí àwọn díákónì wá sọ fún yín, ẹ jó yípo iyàrá pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ẹ ní ohun tí Bàbá mi tọrọ kí wọ́n tó kú nìyẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo ká a sínú Bíbélì mi, n kò sì tíì ṣí Bíbélì náà láti ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí wọ́n ka ìwé yìí sókè nínú ìpàdé náà kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti inú ilé wa nìkan.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò wá sọ ọ́ fúnra mi. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà, mọ́tò á gbé mi débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ojú ló ń tì mí. Bí mo bá rí ojú yín, mo mọ̀ pé irọ́ mìíràn ni n ó pa.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ fọ́tò ni mo wá ń ṣe níbí, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Iṣẹ́ náà dára, àmọ́ láti ìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP ti dé, bébà fọ́tò wọ́n bí ojú, oògùn tí a fi ń fọ fíìmù sì ṣòroó rí. Àwa méjì là ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, èmi àti Ràfíù, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mùsùlùmí òdodo ni. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ti ń fọ fíìmù, òun ló ń bu ẹ̀bà tirẹ̀ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé tí n kò mọ ẹnikẹ́ni nílùú. Ó máa ń pè mí ní Ọmọ Onítẹ̀bọmi, èmi náà á ní omi tó fi ń ṣe àlùwàlá lójúmọ́ tó tẹ odindi ìdílé bọmi. A jọ ń rẹ́rìn-ín ni.

Nígbà òjò tó kọjá, Alùhájì àgbàlagbà kan ránṣẹ́ pè wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé ni. Yàtọ̀ sí ti páásípọ́ọ̀tù tó sọnù lọ́nà àbọ̀, ní gbogbo ayé rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò rí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ràfíù ló yà á, èmi ni mo di agbòòrùn mú lókè orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá náà kú. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá sọ pé fọ́tò yẹn nìkan ni ohun tó kù tí àwọn fi lè rí ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ràfíù gbé fíìmù náà wọ yàrá òkùnkùn. Yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé ni. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ ni aṣọ dúdú kan wà tó nípọn. Ẹni tó bá ń jáde gbọ́dọ̀ fa aṣọ náà dé dáadáa kó tó ṣí ilẹ̀kùn, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ bá kan fíìmù tí a kò tíì fọ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ràfíù ti tú fíìmù náà, ó ti fi kọ́, kó tó rí i pé oògùn kò tó. Ó jáde lọ bù sí i nílé ọ̀gá. Ó sọ fún mi kó tó lọ pé kí n má ṣí ilẹ̀kùn náà o.

Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n a ní ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún ìkórè, èmi ni mo fẹ́ dá orin kọ, mo sì ti gbàgbé ìwé orin mi sínú yàrá náà láàárọ̀. Àkókò ti ń lọ. Mo ní kí n kàn yọ́ mú un. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ kan náà ká aṣọ sókè, oòrùn sì bá mi wọlé. Mo rí fíìmù náà lórí ìkọ́ rẹ̀. Mo mú ìwé orin mi, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo lọ. Mo kọrin lọ́jọ́ náà débi pé àwọn àgbà ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá kó àwa méjèèjì jọ. Fíìmù náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò láti orí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ní kí kálukú búra. Èmi ló kọ́kọ́ kọjú sí. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibí ni kí Dọ́kásì ti kà á ketekete. Mo sọ fún ọ̀gá pé àwa kì í búra nínú ìjọ wa. Mo ní Jésù wí pé kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí bẹ́ẹ̀ kọ́ wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀gá gbà, ó ní òun mọ̀ ọ́n nípa ìjọ wa, nítorí ẹ̀ ni òun ṣe gbà mí síṣẹ́. Ó wá bi mí bóyá mo ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Mo ní n kò ṣí i. Ohùn mi kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ Olúwa tí ẹ kọ́ mi nígbà tí mo wà ní ọmọdé ni mo fi bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Wọ́n gbé Àlùkùránì wá fún Ràfíù. Ó ṣe àlùwàlá, ó na ọwọ́, ó sì tún fà á padà. Ó ní òun kò lè búra, pé ìkánjú ni òun fi jáde lọ bu oògùn, òun kò lè fi dá Ọlọ́run lójú pé òun fa aṣọ náà dé dáadáa. Ọ̀gá ní ẹni tí kò lè búra ti jẹ́wọ́. Ó lé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ràfíù ká ẹní ìrun rẹ̀, ó mú ike àlùwàlá, ó sì kí mi pé ó dàárọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá, bí mo bá kúnlẹ̀ gbàdúrà, ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń kí àgò nílé tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀. Bí àwo Oúnjẹ Olúwa bá dé ọ̀dọ̀ mi, mo máa ń wúkọ́, màá sì nà án sí ẹni tó tẹ̀ lé mi. Wọ́n fún mi ní kíláàsì àwọn ọmọdé láti máa kọ́. Ọmọ kan béèrè ohun tí ẹ̀rí èké jẹ́, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ débi pé tíṣà kejì yìn mí. Nínú yàrá òkùnkùn, bí ojú ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí bébà nínú omi, àyà mi á já pé ojú Alùhájì yẹn ni. Ẹ̀rù ń bà mí níbi iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun.

Lẹ́yìn tí lẹ́tà yín dé, n kò lè fara dà á mọ́. Mo lọ bá Ràfíù ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó ń po sìmẹ́ńtì fún àwọn bíríkìlà báyìí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó tẹ́ ẹní fún mi, ó fún mi lómi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ń retí kó gbá mi létí. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó bi mí bóyá aṣọ dúdú yẹn wà ní dídé nígbà tí mo débẹ̀. Mo ní ó wà ní dídé, ó dé pinpin. Ó bú sẹ́kún. Ó ní Alihamudulilahi. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn ìrun márààrún lójúmọ́, òun ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun fi ìkánjú gba ojú bàbá lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ń tọrọ àforíjì rẹ̀, Ìyá. Ní gbogbo oṣù tí ẹnu mi fi wúwo tí n kò lè gbàdúrà, ẹlòmíràn ló ń kúnlẹ̀ nípò mi, kò sì mọ̀.

Òun ló tẹ̀ lé mi lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá lé mi, ó sì bẹ Ràfíù pé kó padà wá, Ràfíù ní òun á rò ó. A tún lọ bá Alùhájà, ìyàwó olóògbé. Kò bú mi. Ó kàn bi mí, nígbà tó jẹ́ pé mo wà níbẹ̀, bóyá bàbá náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń yà á. Ahọ́n mi ti fẹ́ sọ pé ó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ì bá tù ú nínú. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀, pé agbòòrùn ni mo ń wò. Ó ní ó dáa, ó sì wọlé lọ.

Mo ti rò pé bí mo bá jẹ́wọ́ tán, Ọlọ́run yóò padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nígbà tí mo dé iyàrá mi. Kò sí nǹkan kan. N kò sọ pé kò gbọ́ mi. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ fún yín, torí n kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe aṣọ bora mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọ tí mo dàgbà láàárín yín, ẹ má nawọ́ sókè fún mi. Ìyá, ẹ má jókòó sílé lọ́jọ́ náà nítorí ìtìjú. Ẹ lọ, kí ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí.

Ìparí lẹ́tà ni mo ti máa ń gbàdúrà fún yín, ṣùgbọ́n mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu mi kò gbé e. Ràfíù wà níhìn-ín bí mo ti ń kọ ọ́. Ó ní kí n kí yín, kí n kí Bàbá Kékeré àti Dọ́kásì àti gbogbo ìjọ. Ó ní kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, kí ojú yín má ṣe rí ibi lára ọmọ. Àdúrà rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ bá mi ṣe àmín sí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Gídíónì Àjàní