Kóòdù Mi Á Máa Kí I

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Bọ̀ọ̀lì tí mo rà fún Ẹ̀gbọ́n Wọlé, ọ̀gá mi, ní Bọ́ládé láàárọ̀ ṣì wà nínú báàgì mi. Ó ti le gbagidi.

Òun náà ló bẹ̀ mí lóṣù tó kọjá, ní ọ́fíìsì wa l'Ókè-Afá: "Bùnmi, gbogbo kóòdù tá a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, kó wọn jọ sínú fódà kan, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fúnra wọn tá a bá ti ṣí kọ̀ǹpútà. Kí ìwọ náà lè sinmi díẹ̀."

Kí n lè sinmi! Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ ibi tí nǹkan wà. Àná ni mo tò ó tán, mo sì sọ fún un. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè lò ó báyìí.

Láàárọ̀ yìí mo kí i, kò dáhùn. Fóònù ló ń wò. Ó kàn ní, "Iṣẹ́ ti ń ṣe ara ẹ̀ báyìí, Bùnmi. Má wulẹ̀ wá mọ́ láti ọ̀la lọ."

Mo fọwọ́ ara mi ṣera mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Màámi…

Màámi ló kọ́ mi pé ọmọ tó bá jí gbọ́dọ̀ kí èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ìkíni ṣíwájú gbogbo kóòdù yẹn lánàá. Kò tíì rí i, torí kò ṣí kọ̀ǹpútà lónìí. Tó bá ṣí kọ̀ǹpútà lọ́la, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde ni: "Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n. Bùnmi ní kí n kí yín."

Àràárọ̀ ni màá máa kí i. Kó dáhùn, kó má dáhùn.